Ọjọ́ Tí Màmá Lọ Wo Irin Gbóná

Orí àkàbà ni Pẹ́ńtà wà láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, ó ń kun àjà yàrá tí àwọn èèyàn máa ń jókòó sí de dókítà eyín, nígbà tí fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú àpò. Ó nu ọwọ́ ọ̀dà sára ṣòkòtò, ó gbé e sétí. Mẹkáníìkì ni. Kò kí i, kò béèrè àlàáfíà, igbe ló fi bọnu.

"Ó ti bí o! Ọmọ mi ti bí! Èmi náà ti di bàbá àgbà!"

Pẹ́ńtà fi ọwọ́ kan di àkàbà mú, ó ń rẹ́rìn-ín títí ọ̀dà fi kán sí i nímú. Ó ní ẹ kú ewu ọmọ, ó ní ìyá àti ọmọ á jùmọ̀ dàgbà. Ìgbà tí ìdùnnú náà rọlẹ̀ díẹ̀ ni ohùn Mẹkáníìkì náà wálẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà ńbẹ̀. Ọkọ ọmọ yìí wà níbi iṣẹ́, ọ̀nà rẹ̀ jìn. Èmi ni mo máa gbé ìyá ìkókó délé lọ́sàn-án yìí. Mi ò ní lè bá yín lọ mọ́."

Pẹ́ńtà mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́. Oṣù mẹ́fà ni àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ra tíkẹ́ẹ̀tì eré orin sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún méjìdínlógójì ni wọ́n ti ń retí ọjọ́ náà.

Ẹgbẹ́ olórin tí wọ́n fẹ́ lọ wò, Irin Gbóná ni wọ́n ń jẹ́. Ẹni tí kò bá mọ irú orin wọn, kó ro ẹ̀rọ ìgégi mẹ́ta tó ń jà lé igi kan ṣoṣo lórí, kí ẹnì kan máa fi òòlù lu páànù lẹ́yìn wọn, kí ọkùnrin kan tí ata ta sí lójú sì máa ké níwájú wọn. Bí etí àjèjì ṣe ń gbọ́ ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, nígbà tí inú ń bí i sí gbogbo ayé láìmọ ohun tí ayé ṣe é, oògùn ni.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún gan-an sì ni Pẹ́ńtà nígbà náà, nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó ń pè é ní Pẹ́ńtà. Kíláàsì kan náà ni òun, Mẹkáníìkì, Nọ́ọ̀sì àti Tíṣà wà. Lẹ́yìn ilé ìwé, yàrá rẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń há mọ́ sí, nítorí òun nìkan ló ní rẹ́díò oníkásẹ́ẹ̀tì. Bàbá rẹ̀ kì í sí nílé lọ́sàn-án. Atukọ̀ ni, ó ń wa ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èèyàn sọdá láti òkè odò kan sí èkejì. Ìyá rẹ̀ ló máa ń wà nílé. Alágbàfọ̀ ni ìyá yìí, aṣọ ibùsùn àwọn ilé ìtura ló máa ń lọ̀ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, nínú yàrá kejì. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló sì wà láàárín yàrá méjèèjì. Bí àwọn ọmọ bá ti tẹ kásẹ́ẹ̀tì báyìí, kò ní pẹ́ tí bàtà sílípáàsì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu pákó. Gbà, gbà, gbà! "Ẹ dín in kù! Ṣé ẹ fẹ́ kí ilé wó lù mí ni?" Wọ́n á dín in kù. Tó bá ṣe díẹ̀, ọwọ́ Tíṣà á tún yọ́ dé ibi tí wọ́n ti ń yí i sókè.

Báyìí ni wọ́n ṣe dàgbà. Irin Gbóná náà dàgbà. Ìlú tí wọ́n wà kò sì já mọ́ nǹkan lójú àwọn tó ń ṣètò ìrìn-àjò ẹgbẹ́ náà, títí di ọdún yìí.

Nígbà tí Pẹ́ńtà máa fi ti ibi iṣẹ́ dé, Tíṣà àti Nọ́ọ̀sì ti wà ní pálọ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà wà ńbẹ̀, ó dúró nídìí tábìlì ìlọṣọ, ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ rẹ̀ kan. Láti ìgbà tí bàbá ti kú, ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, ni Màmá ti ń gbé lọ́dọ̀ Pẹ́ńtà. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, wọ́n ti ní kó fi aṣọ lílọ̀ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ sọ fún ọwọ́ òun.

Tíṣà, tí irun rẹ̀ gùn dé èjìká nígbà kan, tí orí rẹ̀ wá ń dán bí abọ́ tánganran báyìí, gbé tíkẹ́ẹ̀tì kẹrin sórí tábìlì.

"Ta la máa fún? Mo bi ọmọ mi. Ó ní òun ò lè bá àwọn arúgbó lọ wo àwọn arúgbó."

"Mo bi ẹnì kan ní wọ́ọ̀dù wa," Nọ́ọ̀sì sọ. "Ó ní ṣé ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni."

"Ẹ fún mi," Màmá sọ.

Gbogbo wọn yíjú sí i. Kò gbójú kúrò lára kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tó ń lọ̀. Pẹ́ńtà rò pé eré ni, ó rẹ́rìn-ín. Tíṣà náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ di ikọ́. À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú!

"Màmá, ariwo ńlá ni o," Pẹ́ńtà sọ.

"Ariwo wo ni mi ò tíì gbọ́? Ta ló wà lẹ́yìn pákó nígbà yẹn? Mo ti gbọ́ àwọn èèyàn yìí títí, mi ò tíì rí ojú wọn rí. Ẹni tó bá da orí rẹ rú fún odidi ọdún márùn-ún, ṣé o ò ní fẹ́ mọ bó ṣe rí?"

Pẹ́ńtà fa Nọ́ọ̀sì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní kó bá òun sọ fún ìyá yìí pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ariwo ò bára wọn rẹ́.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ta ni?" Nọ́ọ̀sì béèrè. "Ọjọ́bọ̀ ni mo wọn tiwọn. Ó dára ju tìẹ lọ."

Ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, inú Pẹ́ńtà kò dùn. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń dùn ún. Ohun tó ń fẹ́ ni kí òun tún jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún fún ọ̀sán kan péré, kí òun mi orí, kí òun ké bí ẹni tí kò ní ilé. Ta ló lè di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kí ìyá rẹ̀ dúró tì í?

Ọ̀sán ni eré náà, aago mẹ́rin gééré. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára pósítà pé, "A máa tètè bẹ̀rẹ̀, a máa tètè parí. Àwa náà ti dàgbà." Bọ́ọ̀sì ni wọ́n wọ̀ lọ. Aṣọ búlúù tí Màmá máa ń wọ̀ lọ sí báńkì ló wọ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, ó mú agboòrùn dání bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọ̀run mọ́ kedere. Àwọn mẹ́ta yòókù wọ ẹ̀wù dúdú tí wọ́n tẹ òòlù àti iná sí láyà. Ti Tíṣà ti há, ìdodo rẹ̀ ń yọjú nígbàkígbà tó bá gbọ́wọ́ sókè.

"Ṣé bí ìwọ ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣírò nìyí?" Màmá bi í.

"Màmá, mo wà ní ìsinmi o."

"Ikùn rẹ náà wà ní ìsinmi."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi fi orí gbá fèrèsé. Pẹ́ńtà ń wo ìta.

Níwájú gbọ̀ngàn eré ìdárayá náà, èèyàn pọ̀ bí eéṣú. Ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun lọ́tùn-ún, ọkùnrin apárí lósì, àwọn obìnrin tó de ìgbànú onírin mọ́ ìdí. Jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti rà láti ìgbà èwe ni púpọ̀ nínú wọn wọ̀, ó ti fàya, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, ó tún ti fàya níbi tí wọ́n lẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọjọ́ yẹn ni Pẹ́ńtà fi ojú ara rẹ̀ rí i.

"Háà," Màmá sọ, "ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé bàbá àgbà ló kún ibí yìí?"

Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ ẹ̀ṣọ́ ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gba agboòrùn, ó ní ohun tó gùn báyẹn kò gbọdọ̀ wọlé, ó fún Màmá ní nọ́ńbà tó máa fi gbà á padà. Lẹ́yìn náà ló wá wò ó dáadáa.

"Màmá, ẹ ò lè dúró láàárín èrò o. Àga wà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, fún àwọn àgbà. Àwọn wo lẹ bá wá?"

Màmá fi ọwọ́ júwe àwọn mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀, apárí, onírun ewú àti onígò ojú.

"Àwọn ọmọ mi nìyí. Mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á sọnù."

Bí wọ́n ṣe dé iwájú pátápátá nìyẹn, níbi tí owó wọn kò lè gbé wọn dé láéláé. Ìtàgé náà kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí wọn lọ. Lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ilà ibi tí wọ́n ti máa ń ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ṣì hàn. Tíṣà sọ ọ́ sí Pẹ́ńtà létí.

"Tó bá jẹ́ pé a mọ̀ ni, a ì bá ti máa gbé Màmá kiri láti ọjọ́ yìí wá."

Pẹ́ńtà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Nọ́ọ̀sì yọ òwú jáde nínú báàgì, ó fi di etí Màmá méjèèjì, ó ní kó fi ọwọ́ ṣe báyìí tí àyà rẹ̀ bá lù kìkì. Màmá ní àyà òun ti ń lù kìkì láti ọjọ́ tí òun ti bí ọmọ, kò sì tíì pa òun.

Aago mẹ́rin lù, iná ìtàgé tàn, àwọn àgbàlagbà mẹ́rin jáde. Olórin wọ ṣòkòtò awọ, ó sì fi ọ̀já funfun gba ìbàdí lórí rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fún àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn. Ẹni tó mú jìtá ńlá so ìgò ojú mọ́ okùn lọ́rùn. Onílù gbé aṣọ ìnura lé èjìká bí ẹni tó ń lọ wẹ̀, ó rọra jókòó, ó fi ẹsẹ̀ wá ibi tí ẹsẹ̀ ń gbé. Pẹ́ńtà wò wọ́n, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ díẹ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, ṣé àwọn tá a ti ń dúró dè nìyí?

Ni onílù bá gbé igi sókè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kò ṣeé fi ẹnu sọ tán. Ìró náà kò gba etí wọlé, àyà ló gbà wọlé. Ó gba ilẹ̀ gun ẹsẹ̀, ó mi eyín nínú ẹnu. Ọ̀já ìbàdí kò dí olórin lọ́wọ́ rárá. Bó ṣe lanu báyìí, ohùn tó jáde ni ohùn tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì gan-an, àfi pé ó ti ha sí i, bíi pákó tí òjò ti pa lọ́pọ̀ ọdún. Tíṣà ti ju orí síwájú, ó jù ú sẹ́yìn, bí ẹni pé irun ṣì wà ńbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Pẹ́ńtà náà bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí.

Ṣùgbọ́n adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bó bá ti mi orí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á yọ́ ìyá rẹ̀ wò. Màmá jókòó ṣinṣin, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí báàgì, ó ká ètè jọ bí ẹni tó ń wo aṣọ tí ẹlòmíràn lọ̀ tí kò nà dáadáa. Orin kìíní parí, kò pàtẹ́wọ́. Orin kejì, orin kẹta. Pẹ́ńtà bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé bóyá kí òun gbé e lọ sílé, kí àwọn méjì yòókù gbádùn ara wọn.

Orin kẹrin ni "Ọkọ̀ Ń Jó". Gbogbo ẹni tó fẹ́ràn Irin Gbóná ló mọ̀ ọ́n. Jìtá kan ṣoṣo ló fi ń bẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí omi tó ń kán, lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ á wá bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìtàn àwọn atukọ̀ kan ni, tí wọ́n ti iná bọ ọkọ̀ ara wọn láàárín òkun kí wọ́n má bàa lè padà sẹ́yìn.

Bí jìtá náà ṣe bẹ̀rẹ̀, Màmá dìde.

Pẹ́ńtà sáré bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. "Ṣé ká máa lọ ni?"

Màmá fi ọwọ́ lé e bí ẹni lé eṣinṣin. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Pẹ́ńtà gbé etí sún mọ́ ọn, kò gbà á gbọ́. Ìyá rẹ̀ ń kọrin, ó ń kọ ọ́ láìṣì, kò fo ibì kan, ó mọ ibi tí wọ́n ti ń mí. Ṣùgbọ́n ohun tó ń kọ yàtọ̀.

"Ọkọ mi ń jó, ọkọ mi ń jó lórí omi! Ẹ má pè é, ẹ jẹ́ ó jó!"

Kí Pẹ́ńtà tó lè sọ ohunkóhun, iná lọ.

Gbogbo iná ìtàgé kú, jìtá dákẹ́ láàárín igbe, ẹnu olórin ṣì là sílẹ̀ ṣùgbọ́n máìkì ò sọ nǹkan kan mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tó ń gba ojú fèrèsé òkè wọlé nìkan ló kù. Onílù nìkan ni kò dúró, ìlù tirẹ̀ ò lo iná. Ó ń lù ú lọ, ni gbogbo gbọ̀ngàn bá gba orin náà lẹ́nu olórin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohùn àgbàlagbà, wọ́n kọ ọ́ títí dé òpin ẹsẹ̀ kejì. Ìgbà tí wọ́n parí, ariwo ayọ̀ sọ. Ẹnì kan jáde wá láti ẹ̀yìn, ó pariwo pé wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́, ẹ ní sùúrù.

Bí wọ́n ṣe ń dúró de iná ni Tíṣà ṣe ohun tí àwọn tíṣà máa ń ṣe.

"Màmá, mo gbọ́ yín. Ẹ mọ̀ ọ́n o! Ṣùgbọ́n kì í ṣe 'ọkọ'. 'Ọkọ̀' ni. Ọkọ̀ mi ń jó lórí omi. Kì í sì í ṣe 'ẹ má pè é', 'ẹ má pa á' ni. Ẹ má pa iná náà."

Màmá yọ òwú kúrò ní etí kan. "Ọkọ̀ kẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ọkọ̀ ojú omi. Ó ń jóná."

"Ta ló máa ń kọrin fún ọkọ̀ tó ń jóná? Kí wọ́n bu omi sí i! Ṣebí orí omi ló wà?"

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Pẹ́ńtà kò rẹ́rìn-ín, ohun kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Nínú gbogbo orin tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn, ọ̀kan wà tí bàtà kì í lu pákó sí. Wọ́n máa ń rò pé Màmá ti jáde lọ sá aṣọ ni, wọ́n á yára yí i sókè dé òpin.

"Màmá," ó béèrè, "tá a bá ń gbọ́ orin yìí nígbà yẹn, ibo lẹ máa ń wà?"

"Ibo ni mo tún máa wà? Lẹ́yìn pákó. Mo máa ń gbé áyọ́ọ̀nù dúró, kí n lè gbọ́ ọ dáadáa." Ó jókòó padà, ó to báàgì rẹ̀ sórí itan. "Ìgbà tí mo kọ́kọ́ mọ bàbá rẹ, tí mo bá lọ dúró dè é létí odò, tó bá ti rí mi lókèèrè báyìí, ijó ló máa mú jó lórí ọkọ̀ yẹn. Àwọn èrò á máa pàtẹ́wọ́ fún un. Kò mọ̀ ọ́n jó o! Ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ àkàn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orin yìí láti yàrá yín, mo ní, háà, àwọn èèyàn wọ̀nyí rí i. Wọ́n rí ọkọ mi, wọ́n fi kọrin."

Tíṣà ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Ìgbà tó kú," Màmá ń bá a lọ, "tí ẹkún bá gbé mi lóru, ohun tí mo máa ń sọ fún ara mi náà nìyẹn. Ẹ má pè é. Ẹ jẹ́ ó jó."

Pẹ́ńtà bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Ọdún méjìlá ni òun àti ìyá yìí ti jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń jẹun àárọ̀, tó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ṣé ó ti lo oògùn, kò béèrè rí ohun tó máa ń sọ fún ara rẹ̀ tó bá ń sunkún. Ó mú ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà le, iná áyọ́ọ̀nù ti sọ awọ ibẹ̀ di èèpo igi láti ọjọ́ pípẹ́.

Ibẹ̀ ni onílù bá wọn. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ láti ìdí ìlù, ó wá jókòó sí etí ìtàgé pẹ̀lú ike omi kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì síwá sẹ́yìn, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí Màmá lọ. Òógùn bò ó. Màmá wò ó látòkè délẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ń lu nǹkan yẹn?"

"Èmi ni, Màmá."

"Màmá ta ni? Ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

"Mọ́kànléláàádọ́rin."

"Hẹn-ẹn! Àbúrò mi ni ọ́ nígbà yẹn. Gbọ́, aṣọ ibùsùn méjì ló jóná mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí ìlù tìẹ. Mo ń lọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, o kàn ṣàdédé lu gbàmù, áyọ́ọ̀nù fò lọ́wọ́ mi."

Onílù gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹ ń lọ aṣọ."

"Ó ti tán. Orin tí ẹ ń kọ kí iná tó lọ yìí, bá mi parí ẹjọ́ kan. Tíṣà yìí ní ọkọ̀ ni, èmi ní ọkọ ni. Èwo ni?"

Bàbá náà nu ojú. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo olórin tó ń na ìbàdí lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìkélé. Ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí.

"Ẹ̀yìn ọkùnrin yẹn ni mo ti ń jókòó láti ọdún márùndínláàádọ́ta. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ rí. Ìlù ni mo mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ọkọ ni, ọkọ ni."

"O gbọ́?" Màmá yíjú sí Tíṣà. "Ẹni tó ni orin ló sọ ọ́."

Tíṣà gbà. Kí ni ì bá ṣe? Onílù rẹ́rìn-ín, ó na ike omi sí Màmá, Màmá ní òun ò mu omi ẹlòmíràn, ó yọ tirẹ̀ jáde nínú báàgì. Bí àwọn méjèèjì ṣe jókòó nìyẹn, wọ́n ń mumi, wọ́n ń sọ̀rọ̀ orúnkún. Onílù ní tòtún ló ń da òun láàmú. Màmá ní òsì ni tòun, pàápàá tí òtútù bá mú. Nọ́ọ̀sì dá sí i, ó júwe eré ìdárayá kan tí wọ́n lè máa ṣe lórí àga, onílù gbìyànjú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ létí ìtàgé, àwọn èèyàn lẹ́yìn ń pàtẹ́wọ́ fún un láìmọ ohun tó ń ṣe.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, iná dé. Onílù gun ìtàgé padà, ó di ẹ̀yìn mú, ó jókòó. Olórin ní àwọn ò lè fi orin sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, àwọn máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Jìtá kan ṣoṣo tún bẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí omi tó ń kán. Màmá na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀ pé kó fa òun dìde.

Lọ́tẹ̀ yìí Pẹ́ńtà kò yọ́ ẹnikẹ́ni wò. Ó dúró ti ìyá rẹ̀, ó lanu, ó kọ ọ́. Ọkọ ló kọ ni o, ọkọ̀ ló kọ ni o, òun gan-an ò mọ̀. Nínú ariwo yẹn, kò sétí tó lè mọ ìyàtọ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé ó rí bàbá rẹ̀ kedere, ẹsẹ̀ àkàn, fìlà atukọ̀, ó ń jó bọ̀ láti àárín odò. Ó mi orí títí ọrùn rẹ̀ fi dún kẹ̀kẹ̀. Màmá kò mi orí ní tirẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń lu ilẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó sì ń bá ìlù mu.

Púpọ̀ nínú orin tó kù ni Màmá fi ìdúró wò. Nígbà tí wọ́n bá kọ èyí tí kò dùn mọ́ ọn, á jókòó gbàmù, á ká ètè jọ, á dìde padà sí èyí tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí eré parí, oòrùn ṣì wà lókè díẹ̀. Wọ́n jáde síta, wọ́n gba agboòrùn, etí gbogbo wọn ń hó. Igbe ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, àwọn èrò yòókù rò pé wọ́n ń jà. Tíṣà bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ tirẹ̀, Nọ́ọ̀sì bọ́ sílẹ̀ ní tirẹ̀, ó ní kí Pẹ́ńtà fi omi gbígbóná jó ọrùn kó tó sùn.

Nílé, Pẹ́ńtà bu omi lọ́wọ́ọ́rọ́ sínú ọpọ́n, ó gbé e síwájú ìyá rẹ̀ kó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó fẹ́ lọ wẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá ní kó jókòó ná.

"Orin kejì yẹn," ó sọ, "èyí tí wọ́n ń fi igi lu irin nínú rẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ dáadáa láti ẹ̀yìn pákó. Kí ni wọ́n ń sọ ńbẹ̀?"

Pẹ́ńtà ronú. Ó sọ ọ́ fún un, ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, bó ṣe rántí rẹ̀. Màmá fetí sílẹ̀ títí dé òpin.

"Ìyẹn ò dáa," ó ní. "Wọ́n kàn ń bínú lásán. Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

Pẹ́ńtà fa àga sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta.